Ẹni tó lẹrú ló lẹrù: ìtàn owó tó wà lẹ́yìn fíìmù ìtàn àti ètò rédíò

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi nílé ní Ìyànà-Ìbà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Láti Mile 2 ló ti wá, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó mu omi tán, ló bá yọ ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo fọ́ọ̀mù yìí. Wọ́n ní àfi kí ọ̀mọ̀wé kan fọwọ́ sí i pé òun yóò máa gbà wá nímọ̀ràn."

Fọ́ọ̀mù gíráǹtì ni. Àjọ kan nílẹ̀ òkèèrè ló ń fún àwọn èèyàn lówó láti ṣe fíìmù tàbí podcast lórí ìtàn, èdè àti àṣà, èyí tí gbogbo èèyàn yóò lè gbọ́ kó yé wọn, kì í ṣe àwa ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọmọ wa fẹ́ ṣe podcast onípele mẹ́wàá lórí àwọn Àwórì agbègbè wa níbí: Ìbà, Ọ̀jọ́, títí dé ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó fẹ́ gba oríkì, orin ọjà, orin apẹja àti ìtàn ìtẹ̀dó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó lọ tán. Inú mi dùn. Ẹ ẹ̀ rí i, ẹ̀ka-èdè Àwórì ń kú lọ lójú wa. Ọmọ tí wọ́n bí ní Òkòkómáíkò lónìí, Yorùbá Èkó tó ti lú mọ́ èdè òyìnbó ló ń sọ, bí ó bá tilẹ̀ ń sọ Yorùbá rárá.

Mo ka fọ́ọ̀mù náà dé ojú ìwé kẹta, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọ wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin àwọn Àwórì jẹ́ "ìkìlọ̀ àwọn baba ńlá nípa ìyípadà ojú ọjọ́ àti òkun tó ń ru sókè." Mo bi í pé, "Ṣé orin ọjà ni òkun ń ru nínú rẹ̀?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Prof, ohun tí wọ́n ń fún lówó lọ́dún yìí nìyẹn sà. Tí mi ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní ka tèmi."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú mi. Mo ní kó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo rò láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún ṣe nìyẹn. Èdè wa ní orúkọ púpọ̀ fún owó tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn wà: kò sí ìpadà, ọpẹ́ nìkan ló kù. Ẹ̀yáwó wà: ó gbọ́dọ̀ padà. Ìwọ̀fà wà láyé àtijọ́: o gba owó, o sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko olówó títí tí wàá fi san án. Owó àgbàṣe wà: oko tèmi ni, ìwọ lo bá mi ro ó, mo sanwó fún ọ, ó parí. Àjọ àti èésú náà wà. Gíráǹtì kò bá ìkankan nínú wọn mu délẹ̀. Bí ẹ̀bùn ni wọ́n ṣe ń kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ ìròyìn bí ẹ ṣe náan padà. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, síbẹ̀ nǹkan kan ń padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún ni. Ó jọ àgbàṣe, àmọ́ wọ́n á ní oko tìrẹ ni. "Owó ìrànwọ́" la máa ń pè é nínú ìwé. Mo rò pé orúkọ yẹn ti rọ̀ jù. Ó ń jẹ́ ká gbàgbé láti béèrè ìbéèrè tó wà nínú òwe wa: ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ta ló lẹrù yìí?

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa láti sanwó fún ìtàn. Àwọn Arọ́kin wà láàfin Ọ̀yọ́, iṣẹ́ wọn ni láti mọ ìtàn àwọn Aláàfin kí wọ́n sì máa sọ ọ́, àti aṣọ àti oúnjẹ wọn, ọwọ́ ọba ló ti ń wá. Samuel Johnson gba púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ lẹ́nu irú wọn. Àmọ́ gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó ń bọ́ Arọ́kin. Tí Arọ́kin bá yin baba ọba ju bó ṣe yẹ lọ, olùgbọ́ mọ bí yóò ṣe gbọ́ ọ. Onílù òde ìnáwó náà ńkọ́? Ojú gbogbo èèyàn lẹ ṣe lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó ní 1935, àpótí onígi tí wọ́n fi wáyà gbé ohùn wọ inú rẹ̀. Ìjọba amúnisìn ló sanwó rẹ̀, ètò BBC láti London ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ fi hàn pé wọ́n lóye rẹ̀ dáadáa: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gbèsì. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ Action Group. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láàyè láti fèsì, wọ́n kọ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, owó kòkó àwa fúnra wa ló wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí òṣèlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu ohun tí wọn yóò sọ níbẹ̀. Owó ilé náà ní ẹnu, kì í ṣe ti òkèèrè nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ta kókó. Ní 1961, àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti Chinua Achebe wà níbẹ̀, pẹ̀lú Ezekiel Mphahlele ará South Africa àti Ulli Beier ará Jámánì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Lọ́dún 1962 kan náà, Dennis Duerden dá Transcription Centre sílẹ̀ ní London. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni láti gba ohùn àwọn òǹkọ̀wé, olórin àti ọ̀mọ̀wé Áfíríkà sórí téèpù, kí wọ́n sì fi téèpù náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. "Africa Abroad" ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ètò wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, tí ẹ bá ń bi mí pé kí ló ń jẹ́ podcast kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, òun nìyẹn.

Ta ló ń sanwó? Lójú ìwé, Congress for Cultural Freedom tó wà ní Paris ni, àti Farfield Foundation ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1966 sí 1967, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí jáde: CIA ló ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó owó sínú wọn, nítorí ìjà tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Soviet Union lórí ta ni yóò gba ọkàn àwọn alákọ̀wé ayé. Ojú ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa, inú sì bí wọn. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ṣé CIA ló wá kọ eré Dúró Ládiípọ̀? Rárá o. *Ọba Kò So* kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Moscow tàbí Washington. Àwọn téèpù Transcription Centre wúlò títí dòní; ohùn àwọn tó ti kú wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n sì sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kí wá ló bàjẹ́? Ìgbẹ́kẹ̀lé ló bàjẹ́. Arọ́kin mọ ẹni tó ń bọ́ òun, olùgbọ́ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ní ti Mbari, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ̀, ẹni tó ń gbọ́ kò mọ̀. Lẹ́yìn tí àṣírí tú, ọ̀tá lè tọ́ka sí iṣẹ́ tó mọ́ kó ní ó dọ̀tí, kò sì sí bí o ṣe fẹ́ ja ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ jù ni ti Ali Mazrui. Mombasa ní Kenya ni wọ́n bí i sí, ní 1933. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wà ní Yunifásítì Michigan, ẹsẹ̀ kejì wà níbí, ní Yunifásítì Jos. Ó ti sọ Reith Lectures lórí BBC ní 1979, ẹnu rẹ̀ dùn, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ tó sì sọ *The Africans: A Triple Heritage*, fíìmù ìtàn onípele mẹ́sàn-án. Kókó rẹ̀ ni pé Áfíríkà jogún nǹkan mẹ́ta: tiwa-n-tiwa, ti Islam, àti ti àwọn òyìnbó, àti pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jà nínú wa títí dòní. BBC àti ilé iṣẹ́ WETA ní Washington ló jọ ṣe é, NTA tiwa náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé ìyẹn.

Lára owó rẹ̀, $600,000 wá láti ọ̀dọ̀ National Endowment for the Humanities, tí wọ́n ń pè ní NEH. Ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ yìí sílẹ̀ ní 1965, owó orí àwọn ará ìlú ni wọ́n sì ń pín fún iṣẹ́ ìwádìí lórí ìtàn, èdè, ìwé àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Wọ́n ní ẹ̀ka kan fún fíìmù àti rédíò, podcast náà ti wọ inú rẹ̀ báyìí. Òfin wọn ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ wà nídìí iṣẹ́ náà. Owó wọn wà nínú fíìmù tí Ken Burns ṣe lórí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 1990.

Nígbà tí fíìmù Mazrui máa fi parí ní 1986, alága tuntun ti dé sí NEH: Lynne Cheney, ẹni tí ọkọ rẹ̀ padà di igbákejì ààrẹ. Ó wo fíìmù náà, ó bínú. Ó ní ẹ̀gàn àwọn òyìnbó ló kún inú rẹ̀, pé gbogbo àìdára Áfíríkà ni Mazrui dì lé ìwọ̀-oòrùn ayé lórí, kò sì sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ NEH kúrò lára àwọn tó sanwó. Wọ́n yọ ọ́. Ìdáhùn Mazrui ni pé ojú ọmọ Áfíríkà ni òun fi wo Áfíríkà, òun kò sì fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. PBS gbé fíìmù náà jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, gbogbo ìpele mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ariwo ìyáàfin náà tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wò ó sí i ni.

Èmi kọ́kọ́ wò ó lórí fídíò kásẹ́ẹ̀tì nílé ọ̀rẹ́ mi kan, a jókòó bí mẹ́jọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Àwa náà jiyàn. Àwọn kan nínú wa ní Mazrui gbé Islam ga jù. Àwọn kan ní ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn ju ẹ̀rí lọ. Mo ṣì gbà pé àwọn àríwísí kan tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gba fíìmù náà là. Ìkíní, ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ná owó tán. Alága lè yọ orúkọ, kò lè yọ ọ̀rọ̀ kan nínú fíìmù. Ìkejì, àwọn tó sanwó pọ̀. Ká ní NEH nìkan ni, mo rò pé àpótí ni fíìmù yẹn ìbá wà dòní. Ìkẹta, Mazrui mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó wá owó lọ. Kò jẹ́ kí owó bá a ronú.

Ọdún 1986 kan náà ni nǹkan yí padà fún àwa nílé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun lábẹ́ SAP, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ní ẹ̀ka tiwa, jọ́nà òkèèrè dáwọ́ dúró, téèpù di ọ̀wọ́n. Láti ìgbà náà, tí ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ jáde lọ gba ohùn àgbà sílẹ̀, òkèèrè ló ń kọjú sí. Podcast àti fídíò Yorùbá tó ń sọ ìròyìn àti ìtàn fún mẹ̀kúnnù lórí BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, wà lára ohun tí £289 mílíọ̀nù tí ìjọba Britain fún BBC World Service ṣe. Iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ owó orí ará Birmingham ló ń sanwó kí ará Ìbà gbọ́ Yorùbá. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé ó tó ńkọ́?

Kì í sì í ṣe àlá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, NEH tí mò ń sọ yìí fagi lé gíráǹtì tó lé ní 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù gba lẹ́tà pé owó ti parí. Ní oṣù Keje, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gba $1.1 bílíọ̀nù padà lọ́wọ́ Corporation for Public Broadcasting, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1967. Kò pé oṣù kan tí àjọ náà fi kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ onílé, kí ni ti àlejò tó ń gba owó níbẹ̀?

Nílé ńkọ́? Owó kò tán nílẹ̀ wa. TETFund wà, ara èrè àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni owó rẹ̀ ti ń wá, wọ́n sì ní owó ìwádìí tí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwa oní-ìtàn àti oní-èdè. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ inú jọ́nà la fi ń gba ìgbéga ní yunifásítì. Olùkọ́ tó bá ṣe podcast tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn gbọ́, kò rí nǹkan kan gbà. Èyí tí èèyàn márùn-ún kà ni wọ́n á fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.

Lórí rédíò, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, yóò wá oníṣègùn tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kó lè san án. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Oníṣègùn yẹn ló ń gbé oríkì àti ìtàn Yorùbá dúró lórí afẹ́fẹ́ ju àjọ ńláńlá lọ. Ó sì jọ Arọ́kin ní ọ̀nà kan: gbogbo èèyàn mọ̀ pé òun ló sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi, torí òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ilé ìwádìí kan nílẹ̀ òkèèrè fún mi lówó láti gba ẹ̀ka-èdè kan sílẹ̀ lọ́nà Àgbádárìgì. Mo gba kásẹ́ẹ̀tì bí ogójì. Bàbá kan wà níbẹ̀, apẹja ni, tó lè sọ ìtàn láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi wọ̀. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀dà fún mi. Ẹ̀dà kò dé. Lẹ́yìn tí bàbá náà kú, ọmọbìnrin rẹ̀ wá mi wá sí ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohùn bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ." Mo kọ lẹ́tà. Wọ́n fèsì pé àwọn olùwádìí tí yunifásítì wọn bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ọmọ tó bí kì í ṣe olùwádìí. Mo wá ìwé àdéhùn jáde láti fi bá wọn jà. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀ gbangba, ọwọ́ mi ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. N kò kà á dáadáa. Owó ló wà lójú mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa padà dé lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ fún un pé n ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n kó ṣe àwọn nǹkan kan kọ́kọ́. Kó yọ òkun kúrò nínú orin ọjà. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ omi lóòótọ́, kó lọ bá àwọn apẹja Ọ̀jọ́, kó béèrè lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n bá sọ ni kó kọ. Kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀dà gbogbo ohùn yóò wà ní ìlú Ìbà àti ní ilé ìkàwé LASU, àti pé ìdílé ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ láìsan kọ́bọ̀. Kó máa dárúkọ ẹni tó sanwó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan. Kó má sì gba gbogbo owó lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Prof, tí wọn ò bá fún wa ńkọ́ sà?"

Mo ní ìpele àkọ́kọ́ kò gbà ju fóònù kan àti owó ọkọ̀ lọ. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere lóòótọ́, àmọ́ láti Ìyànà-Ìbà dé Ìbà kì í ṣe ibi tó jìnnà. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí. A ó lọ bá a lọ́jọ́ Tuesday, èmi àti òun, gíráǹtì dé o, gíráǹtì ò dé o. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dá àjọ fún ìpele kejì, ẹ mọ ilé mi. Ẹ̀yin tí ohùn àgbà yín sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù.